Èéfín Máṣíìnì Múrí

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí lágbàlá Múrí ní Abúlé Òkúta, lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá.

Èmi àti Múráínà, tí gbogbo wa ń pè ní Múrí, la jọ ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Ọdún kan náà la ra máṣíìnì, alùpùpù tí a ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Tèmi búlúù, tirẹ̀ pupa. Tèmi kì í pariwo, kì í rú èéfín, epo díẹ̀ sì ti tó o. Tirẹ̀ ńkọ́? Ó yá ju tèmi lọ, mi ò ní purọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ epo kó tó dà á sí i. Mo máa ń bi í pé ṣé máṣíìnì ló rà ni, àbí ọmọ ọwọ́ tó ń po ògì fún. Òun náà á ní tèmi ń rìn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Iyàn yìí la jà títí a fi darúgbó. Kò tíì parí tí Múrí fi kú.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n fẹ́ pín ẹrù rẹ̀. Sàká àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n ta máṣíìnì náà fún àwọn tó ń ra irin, torí láti ìgbà tí àìsàn ti dá ẹ̀gbọ́n òun dùbúlẹ̀ ni kò ti sítáàtì mọ́. Ó dùn mí wọra. Mo ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá sítáàtì, a ò tà á mọ́. Tí ò bá sítáàtì, ẹ má bínú sí mi o."

Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo nù ún. Mo fa epo látinú táńkì tèmi sínú ike, mo fẹ́ máa dà á sí i. Sìdí, ìyàwó Múrí, wà nínú yàrá, opó kì í jáde. Ojú fèrèsé ló ti rí mi.

"Bàbá Fúnkẹ́, ẹ dúró! Epo lásán? Múrí ti kú, ṣé ẹ fẹ́ pa máṣíìnì rẹ̀ náà ni?"

Ó na ìgò ọ́ìlì àti agolo mílíìkì tí Múrí fi ń wọn ọ́ìlì sí mi láti ojú fèrèsé. Ó ní kí n bù ú sí i. Ó ní ó tún ku díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ó ti tó. Èmi tí mo ti ń fi ògì bú Múrí láti ọjọ́ yìí, èmi náà ló wá ń pò ó.

Mo fẹsẹ̀ gbá a, kò dún. Sàká ti ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àwọn tó ń ra irin. Mo tún gbá a. Ó wúkọ́, ó wá bú ramúramù. Èéfín funfun bo gbogbo àgbàlá.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ilé kejì, tí òun àti Múrí ti ń jà nítorí èéfín yìí tipẹ́, já jáde pẹ̀lú ìbínú pé ta ló tún ń ba aṣọ tí òun sá jẹ́. Ó rí i pé èmi ni mo wà nídìí máṣíìnì. Ó ní òun rò pé Múrí ló dé ni.

Sìdí fi ìborí nu ojú. "Òun ló dé. Ẹ má tíì pa á. Ẹ jẹ́ kó dún díẹ̀ sí i."

Sàká ò tà á mọ́. Títí dòní, tí mo bá ti Onípanu bọ̀, mo máa ń yà síbẹ̀ láti tan án. Mo ṣì ń sọ pé tèmi dáa ju tirẹ̀ lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá lọ, ta ló máa gbọ́ ìró tèmi tí kì í pariwo, kó ní èmi ni mò ń kọjá?

Ẹ má tètè kó ẹrù òkú síta. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó bá a gbé léèrè. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló ń dún nílé yín tó jọ ẹni tó ti lọ? Ẹ sọ orúkọ ẹni náà fún mi, mi ò ní gbàgbé rẹ̀.