Asipirín Tí Wọ́n Jọ Ń Lò

Òórùn àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kì í kúrò nínú ilé bọ̀rọ̀. Ọ̀pá ẹyìn, àlùbọ́sà eléwé àti kán-ún, tí wọ́n rẹ sínú omi ògì títí ó fi kan gógó, ló gba yàrá kan ṣoṣo tí ìyá mi ń gbé ní Aboabo, ládùúgbò kan ní Kùmásí nílẹ̀ Gánà, lásìkò tí mò ń sọ yìí. Bí o bá ti ń wọlé ni yóò ta ọ́ nímú, yóò sì bá ọ dé ìdí ibùsùn. Ṣùgbọ́n òórùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí n kò tíì mọ̀ nígbà náà, ó rí bí irin tó dípẹtà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹran tó ti ń bàjẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ni, tó gba inú ìfun kọjá kó tó jáde, tí gbogbo wa sì jókòó tì í, tí à ń dúpẹ́ pé àìsàn ń lọ.

Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé yàrá yẹn. Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n náà. Kùmásí ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Bàbá wọn ló ti ilẹ̀ Yorùbá wá ṣòwò, tí kò padà mọ́. Ọkọ àwọn méjèèjì ti kú, àwọn méjèèjì ló sì ní ìtọ̀ ṣúgà, tí wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ogún kan ṣoṣo tí bàbá pín dọ́gba fún àwọn nìyẹn. Wọn kì í dá nǹkan jẹ. Ìyá wọn ti kọ́ wọn láti kékeré pé ẹ̀gbọ́n kì í lanu jẹun kí àbúrò máa wò, àbúrò kì í sì í kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n bá nà sí i. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ bí Màmá Àgbà bá nawọ́ nǹkan sí wọn, wọn kì í bèèrè pé kí ni. Wọn á gbà á, wọn á sì jẹ ẹ́.

Lọ́dún tó ṣáájú, rọpárọsẹ̀ fẹ́ gbé Màmá Àgbà lọ. Ẹnu wọn yẹ̀ sápá kan, ọwọ́ òsì wọn kò sì lè gbé ife omi. Ọlọ́run ṣàánú wa, kò wọ̀ wọ́n lára jù, wọ́n sì padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n máa lo asipirín kékeré kan lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tún dì sí wọn lọ́pọlọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa asipirín nínú ilé yẹn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dichemso ni èmi ń gbé, níbi tí mo ti ń ránṣọ, mo sì máa ń yà wò wọ́n tí iṣẹ́ bá dín.

Ó wá di pé ó ń rẹ ìyá mi. Wọ́n á rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n á dúró kí wọ́n mí. Ṣúgà la dá lẹ́bi. Èèyàn tó bá ti ní ìtọ̀ ṣúgà, kò sí ohun tó lè ṣe é tí a kì í kà sí ìtọ̀ ṣúgà lọ́rùn. Bó fẹsẹ̀ kọ, ṣúgà ni. Ìyá mi dín oúnjẹ kù, wọ́n sì wá ń rù bí igi ọ̀gán. Nígbà tí ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà títì, tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, Màmá Àgbà yọ̀. Mo ní wọ́n yọ̀. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ta ni kò mọ̀ pé ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, ṣúgà tó ti ń bá àbúrò àwọn fínra látọjọ́ yìí ló ti dọ̀tí sí wọn nínú, ìdọ̀tí náà ló sì ń jáde yẹn. Àwọn Asante tó jọ ń gbé inú ilé náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kooko ni, bí wọ́n ṣe ń pe jẹ̀díjẹ̀dí ní Twi. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń dúdú sí i, bẹ́ẹ̀ ni Màmá Àgbà ń bu àgbo kún ife. Ìyá mi ń mu ún, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni mo bá ìyá mi nílẹ̀. Wọ́n dìde láti ṣe àlùwàlá, wọ́n sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù, omi ti tú sí wọn láṣọ. Nígbà tí mo gbá wọn lọ́wọ́ mú, àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun, ó tutù. Mo sáré pe takisí. Ní gbogbo ọ̀nà ni Màmá Àgbà ń ka àdúà sí wọn létí, tí èmi sì ń wo àyà wọn bóyá ó ṣì ń lọ sókè. Ojú pópó kún fún àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, takisí kò ráyè kọjá, inú sì bí mi sí gbogbo ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, títí kan àwọn arúgbó.

Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́mọkùnrin Asante kan, fa ìpéǹpéjú ìyá mi sílẹ̀, ó sì bèèrè àwọ̀ ìgbẹ́ wọn. Mo sọ ọ́. Ó bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò, mo ka ti ìtọ̀ ṣúgà, mo ka àgbo, mo ka oògùn orúnkún tí wọ́n máa ń rà ní ilé oògùn nígbà òtútù. Ó ní nǹkan ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn wọn, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣẹ̀ ẹ́, òun kò sì tíì mọ ìdí tí kò fi dá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó kù lára wọn kò lè gbé wọn dalẹ́. Èyí tó wà ní ilé ìwòsàn tó bá tiwọn mu kéré jọjọ. Kí n lọ wá àwọn tí yóò fún wọn ní ẹ̀jẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ na ọwọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní tèmi gan-an kò tó mi lò. Ọkọ mi ti wa ọkọ̀ lọ sí Tamale. Mo pe ẹni gbogbo tí mo ní nọ́ńbà rẹ̀, àwọn kan kò gbé e, àwọn kan ní àwọn ń bọ̀, mo sì mọ ìró ohùn ẹni tí kò ní í wá. Mo pe lèmámù mọ́ṣáláṣí wa, wọ́n ní àwọn yóò kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì, Inṣá Alláhù. Alásárì jìnnà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí fún Ọlọ́run, àwọn ìlérí tí mo mọ̀ pé n kò lè mú ṣẹ. Ibi tí mo wà nìyẹn tí Màmá Àgbà fi dìde, tí wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, tí wọ́n ní kí wọ́n fa tàwọn.

A sọ fún wọn pé àgbàlagbà ni wọ́n, pé ara wọn kò le, wọn kò gbọ́. Obìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wá fi sùúrù jókòó tì wọ́n, bóyá kí wọ́n lè gbà pé àwọn ti ṣe tàwọn. Ó bi wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń lò.

Màmá Àgbà ní, “Ti ṣúgà, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti asipirín. Èmi àti àbúrò mi yìí la jọ ń lo asipirín. Tá a bá ti kírun àárọ̀ tán, mo máa ń yọ méjì, màá fún un ní ọ̀kan.”

Obìnrin náà wò mí. Èmi náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ pe dókítà.

Dókítà bi Màmá Àgbà pé láti ìgbà wo. Wọ́n ní látìgbà tí ara àwọn ti yá ni; àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì, àwọn kò sì fẹ́ kí rọpárọsẹ̀ tó mú àwọn mú àbúrò àwọn. Dókítà kò pariwo mọ́ wọn. Ó ní asipirín kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ó sì lè dá egbò sínú ikùn. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí bíi tiwọn, àǹfààní rẹ̀ fún un ju ewu rẹ̀ lọ. Ìyá mi kò ní irú rẹ̀ rí, dókítà kankan kò sì wo tiwọn kó tó di pé wọ́n ń lò ó. Ìtọ̀ ṣúgà nìkan kò tó ìdí láti lò ó, pàápàá fún ẹni tó ti dàgbà, tó tún ń fi oògùn orúnkún, tí òun náà lè dá egbò sínú ikùn, lé e. Ó yíjú sí Màmá Àgbà, ó ní kí wọ́n má dá tiwọn dúró o. N kò rò pé wọ́n gbọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Èmi ni mo pa á.”

Àwọn èèyàn wá lẹ́yìn Alásárì. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti ìyá mi mu kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. Ọmọ Ìbàdàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń ta ẹ̀rọ foonu ní Ashanti New Town ni, onílé rẹ̀ ló sọ fún un. Ẹ̀jẹ̀ wọlé sí ìyá mi lára. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo inú ikùn wọn, wọ́n rí egbò náà, wọ́n sì dí i. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ó ti dá, ẹkún ni mo bú sí, n kò lè dúpẹ́.

Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ jókòó fúnra wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọbẹ̀ ẹja lọ fún wọn. Màmá Àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá mi wo ojú ẹ̀gbọ́n wọn títí, wọ́n bi Màmá Àgbà pé ṣé wọ́n ti lo oògùn wọn lónìí.

“Mo ti dà á sí gọ́tà,” Màmá Àgbà dáhùn. “Ohun tó fẹ́ pa ọ́, ọ̀fun mi ò lè gbé e mì.”

Ìyá mi ti abọ́ ọbẹ̀ kúrò níwájú wọn. Twi ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ ẹ̀gbọ́n wọn, “Mepa wo kyɛw,” kí wọ́n tó padà sí Yorùbá. “Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló wà lára mi yìí. Tí rọpárọsẹ̀ bá gbé yín lọ nítorí mi, kí ni mo wá yè fún?”

Wọ́n ní àwọn kò ní í jẹun títí Màmá Àgbà yóò fi lo oògùn wọn. Wọn kò fi ṣeré rárá. Ara tí kò tíì le yẹn, wọ́n fẹ́ fi ebi pa á. Mo sáré lọ bá dókítà, ó yẹ Màmá Àgbà wò, ó kọ asipirín mìíràn, mo sì lọ rà á ní òdìkejì títì. Nígbà tí Màmá Àgbà fi í sẹ́nu, èmi ni mo bá wọn di ife mú. Wọ́n gbé e mì tẹkúntẹkún. Ìgbà náà ni ìyá mi fa abọ́ ọbẹ̀ mọ́ra.

N kò bú àṣà tí ìyá wọn kọ́ wọn. Òun ló jẹ́ kí àwọn obìnrin méjì yìí lè gbé ayé tí wọ́n gbé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò lè wo inú ikùn ẹnì kan, n kò sì mọ èyí tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá ti fẹ́ràn rẹ kò lè ṣe ọ́ níbi. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ jẹ̀díjẹ̀dí létí mi, àwọ̀ ohun tó ń jáde ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè, àwọn oníbàárà mi sì máa ń sọ pé n kò nítìjú. Ẹ̀rù kò tíì kúrò lára mi. Láràárọ̀ ni mo máa ń pè wọ́n ní Aboabo. Mo máa ń bi Màmá Àgbà pé ṣé wọ́n ti lo asipirín wọn, wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á sì gbé foonu fún ìyá mi. Màá bi ìyá mi náà pé ṣé wọn kò bá ẹ̀gbọ́n wọn lò ó.