Oògùn Pa Ebi, Orúnkún Kọ̀ Kò Gbéra

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1988, agogo méjì ọ̀sán ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wà ní ìlà àwọn obìnrin ní mọ́sálásí kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi ní Garki. A forí kanlẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù dìde, èmi nìkan ni mo kù nílẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún ti ró kẹ̀ù, ìrora sì gba inú rẹ̀ kọjá bí abẹ́rẹ́. Mo jókòó parí ìrun náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá arúgbó kan tó lè bí ìyá mi ló fà mí dìde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà.

Ní ilé ìwòsàn, mo jókòó sórí àga onípákó láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àílà. Dókítà ṣàlàyé pé ohun rírọ̀ kan wà láàárín egungun itan àti ti ojúgun bí tìmùtìmù, ìwọ̀n ara mi sì ń tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbìyànjú láti dín ìwọ̀n ara mi kù láìlo oògùn. Oṣù méjì kọjá, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan tí mo lè tọ́ka sí. Nígbà tí mo padà lọ, dókítà wọn ìfúnpá mi, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan rẹ̀, ó rí i pé kò ga, ó sì kọ oògùn kan fún mi tí mo ní láti máa lò láràárọ̀. Oògùn náà máa ń jẹ́ kí ọpọlọ rò pé ikùn ti yó. Ó kìlọ̀ pé ẹnu lè gbẹ, oorun lè má wá. Bí àyà mi bá sì ń lù kìkìkì nígbà tí mo jókòó jẹ́ẹ́, kí n tètè padà wá. Ó ní kí n máa jẹun dáadáa, kí n sì máa rìn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Sikirat ni mo ń gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá, aṣọ ló ń tà lọ́jà.

"Àwọn ènìyàn ń bẹ Ọlọ́run fún oúnjẹ àti ẹnu tí wọ́n á fi jẹ ẹ́," ló wí. "Ìwọ lọ gba èyí tó máa gba ẹnu lọ́wọ́ ẹ!"

Kò pẹ́ tí ààwẹ̀ Ràmàdánì wọlé. Mo rò ó báyìí: ààwẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó lè fara da ebi, oògùn yìí kì í jẹ́ kí ebi pa ènìyàn, nítorí náà wọ́n bára mu. Mo ń lò ó ní sààrì. Bí wọ́n bá pe Màgáríbà, mo máa ń jẹ dàbínù díẹ̀, mo máa ń mu ife kókó kan, ó tán. Ẹ̀wà àti ẹja tí ẹ̀gbọ́n mi gbé kalẹ̀, n ó dé e padà.

"Ó sàn kí n gbé e fún ògiri," ló ń sọ. "Ògiri ò tiẹ̀ ní yọ mí lẹ́nu. Àwọn oníbàárà mi ti ń wò mí bí ẹni tó ń febi pa ọmọ ìyá rẹ̀."

Aṣọ mi ń tú, inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n ní ìrun àṣàmù tí à ń kí lálaalẹ́ ààwẹ̀, níbi tí à ń forí kanlẹ̀ tí à ń dìde léraléra, mo ṣàkíyèsí ohun tí kò bá ìṣirò mi mu: ara mi ti fúyẹ́, àmọ́ ó túbọ̀ ṣòro láti gbé e nílẹ̀. Itan mi ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan ojú mi ṣú, mo di ògiri mú. Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Kí lo jẹ lánàá?"

"Mo gbààwẹ̀, sà."

"Mo mọ̀. Lẹ́yìn ìṣínu ni mo ń bi ẹ́."

Mo sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra: "Dókítà, ẹ bá mi bi í, ẹ̀wà tí mo sè ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ààwẹ̀ tìẹ ò ní ìṣínu nìyẹn."

Ó ṣàlàyé fún mi. Oògùn náà ń pa ìpè ebi, kò pa ohun tí ara nílò. Bí ara ò bá rí oúnjẹ gidi, ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń jẹ. Ó ń jẹ ẹran itan pẹ̀lú, itan yìí ló sì yẹ kó gbé orúnkún. Ó dá oògùn dúró, ó ní kí n ṣínu títí ara mi á fi balẹ̀. Mo san ààwẹ̀ náà padà nígbà tó yá. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ó dá mi padà sórí oògùn fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn kan: aago ni kí n máa fi jẹun, kí n má dúró de ebi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ̀wà, ẹyin sísè, ẹja, ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ ò pọ̀, àti wàrà tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Iyán ò di èèwọ̀. Òkèlè ló kéré sí i. Jíjẹun láìsí ebi ò dùn rárá, iṣẹ́ ni. Ẹnu mi ṣì ń gbẹ, mo sì máa ń pẹ́ kí n tó sùn.

Dókítà tún ní kí n máa jókòó sórí àpótí, kí n ká ọwọ́ láyà, kí n máa dìde láìdi nǹkan kan mú. Ní ìrọ̀lẹ́, à ń rìn. Ọ̀nà Abuja ìgbà yẹn fẹ̀, ọkọ̀ ò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kàn ń sìn mí ni, àmọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ wọ bàtà. Máígádì kan ń wò wá lójoojúmọ́, ó sì máa ń fi èdè Haúsá kí wa.

"Kai! Sannu! Ta ló ń lé yín?"

"Yauwa!" ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Orúnkún àbúrò mi ni!"

Oògùn tán kí Iléyá tó dé. Mi ò lè sọ bóyá òun ló wò mí sàn, tàbí ẹ̀wà, tàbí àpótí, tàbí ìrìn. Gbogbo wọn ló pa pọ̀, mi ò sì ní ara kejì tí mo lè fi dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ̀ bóyá ìrora náà á padà. Mo dúpẹ́ pé ara tí mo ti febi pa ṣì gbà kí n bọ́ ọ.

Ní Yídì lọ́jọ́ Iléyá, ẹ̀gbọ́n mi fún ara rẹ̀ mọ́ mi kí n lè rí èjìká dì mú. A forí kanlẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi, wọn ò kan ilẹ̀, wọn ò sì kan ẹ̀gbọ́n mi. Òun ṣì ń dìde lọ́wọ́.