Okùn Tọ́ọ̀nù Márùn-ún

Òórùn táyà tó ń jó nínú ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Ìwòyè-Kétu, láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ti rì síbẹ̀, bàbá àgbẹ̀ tó ni oko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì ń fi ọkọ́ bá awakọ̀ wa ẹrẹ̀ nídìí táyà. Inú mi dùn, kí n má parọ́ fún ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá kọ́ iṣẹ́ fífa ọkọ̀ yọ, mo sì mọ iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ sára gbogbo okùn inú jíìpù mi lórí. Mo bi awakọ̀ pé kí ló gbé.

"Gàrí ni, ọ̀gá. Àpò mẹ́wàá péré."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Gàrí wo ló ń tẹ síprìngì báyìí? Àbí òkúta lẹ yan?"

Èmi náà ti rí i. Ṣùgbọ́n o mọ ọ̀dọ̀ wa: lásìkò yẹn, ẹni tó bá bèèrè ẹrù lẹ́ẹ̀mejì, olófòófó àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n máa pè é. N kò bèèrè mọ́, mo ń ṣírò: ọkọ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, gàrí jẹ́ ìdajì. Méjì nìyẹn, ẹrẹ̀ á sì sọ ọ́ di mẹ́rin. Márùn-ún ni wọ́n kọ sára okùn mi. N kò tíì mọ̀ pé iye ẹrù tí yóò já a ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe iye tó yẹ kí n fi í fà. Okùn kan kò gùn tó, mo bá fi irin ìdè so méjì pọ̀ láàárín, mo wa jíìpù síwájú. Okùn le gan-an, ó sì já. Irin náà fò, ó bá Bàbá ní orúnkún. Mo gbọ́ ìró eegun kí n tó gbọ́ igbe rẹ̀.

Bí a ṣe ń gbé e sínú jíìpù ni awakọ̀ bú sẹ́kún. "Ìrẹsì wà lábẹ́ gàrí, ẹ̀gbọ́n. Ọgbọ̀n àpò. Mi ò mọ̀ yín rí, ẹ̀rù bà mí."

Orí àga ni Bàbá ti ń kírun báyìí. Nígbà tí mo lọ kí i, mo ṣàlàyé okùn, mo ṣàlàyé ẹrẹ̀, mo ṣàlàyé irọ́ awakọ̀. Ó gbọ́ mi dópin.

"Ọmọ mi, nígbà tí awakọ̀ ní gàrí ni, ṣé o gbà á gbọ́?"

"Rárá, Bàbá."

Ẹ̀rù ló mú awakọ̀ parọ́. Èmi mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì fi í ṣe ìṣirò, nítorí pé iye tó jáde, tí kò tó márùn-ún, dùn mọ́ mi nínú.