Ilé Dúdúyẹmí Kò Pé

Bí ẹ bá dé Idigny tí ẹ bi Àsíátù pé, "Ẹran yín mélòó?", ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Yóò wò yín láti òkè délẹ̀, yóò ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe wà, háà, ọ̀rọ̀ dé! Ẹtù tó ń ṣa ilẹ̀ jẹ lẹ́yìn ilé, ọ̀wọ́ ló ń pè wọ́n. Màlúù àwọn Fúlàní tó ń kọjá, agbo ni. Ewúrẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kì í pè ní agbo. Ilé ló ń pè wọ́n. Ìyá ewúrẹ́, ọmọ, ọmọ-ọmọ, ilé kan nìyẹn. Ilé Elétí-kan wà, ilé Abilà wà. Ilé Dúdúyẹmí ni àgbà gbogbo wọn, nítorí Dúdúyẹmí ni ewúrẹ́ tí Làmídì ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, lára rẹ̀ ni gbogbo ìyókù sì ti ṣẹ̀.

Lọ́dún yìí, àrùn wọ ẹran abúlé kejì. Cyriaque, dókítà ẹran, gun alùpùpù dé, ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ iye ẹran kí òun tó gbé abẹ́rẹ́ wá.

Àsíátù ní, "Ìyá mi ka ẹran tirẹ̀ fún àlejò rí. Kí ọyẹ́ tó lọ, okùn nìkan ló kù lára èèkàn."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí mi ò bá mọ iye, oògùn lè má tó."

Ẹ̀rù àrùn ń ba Àsíátù, ẹ̀rù kíkà náà ń bà á. Nígbà tó yá, ó bu àgbàdo, ó dúró lẹ́nu ọgbà. Bí ẹran kan bá ti jáde, yóò ju hóró kan sínú igbá. Ó gbé igbá náà fún Cyriaque.

"Àgbàdo ni o máa kà o. Èmi ò sọ nǹkan kan."

Hóró mẹ́tàlélógún ni. Lọ́jọ́ kẹta, abẹ́rẹ́ mẹ́tàlélógún dé. Cyriaque ń gún ẹran, ó ń kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àsíátù tẹjú mọ́ kàyé ọ̀hún, ó fẹ́ mọ ohun tí ìwé lè mọ̀ nípa ewúrẹ́. Ìgbà tó máa gbójú sókè, abẹ́rẹ́ ku ẹyọ kan, Cyriaque sì ti di òbúkọ kan mú.

"Dúró ná! Ilé Dúdúyẹmí kò pé."

"Wọ́n pé, Ìyá. Èyí ló ṣe ìkẹtàlélógún. Ó wà nínú kàyé."

"Kàyé rẹ mọ iye, kò mọ ẹni! Òbúkọ Barnabé aládùúgbò mi nìyẹn, alárìnkiri tó ń lé abo káàkiri. Dúdúyẹmí mi dà?"

Kò dúró gbọ́ èsì, ó já wọ oko ẹ̀gẹ́, ó ń pe ewúrẹ́ bí ẹni ń pe ọmọ. Cyriaque ń sá tẹ̀lé e pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Abẹ́ igi ìsin ni wọ́n ti bá a. Okùn ọrùn rẹ̀ há mọ́ gbòǹgbò, ọmọ tuntun méjì sì ń fa ọmú rẹ̀. Àsíátù bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Dúdúyẹmí, o kú ewu ọmọ o!"

Cyriaque gún ìyá ọmọ ní abẹ́rẹ́ tó kù. Ó ṣí kàyé, ó wo àwọn ọmọ náà, ó ní, "Mẹ́tàlélógún, àti..."

Àsíátù wò ó láti òkè délẹ̀.

Cyriaque tẹrí ba, ó sì kọ̀wé sínú kàyé.

"Ka ohun tí o kọ fún mi."

"Ilé Dúdúyẹmí ti pé."

"Ẹn-ẹ́n," ni Àsíátù wí, "kàyé yẹn ti ń gbọ́n."