Òróró Lára Igi Gọ́ọ̀fù Ingegnere

Ó yẹ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà di ohun ìgbàgbé: Ìyáàfin Ojúọlá Ògúnjìnmí, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, tó ń gbé ní Moncalieri lẹ́bàá Torino, kì í fi ohunkóhun tó bá ní ibi ìdìmú sílẹ̀ láìta òróró sí i. Àárọ̀ Sátidé ló máa ń ṣe é, kó tó po tíì. Á ti ọwọ́ ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀, á kan fìríìjì, á kan agbòjò, á kan ọmọrogùn. Lọ́jọ́ tó lọ fi ìwé permesso rẹ̀ ránṣẹ́, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú, ó ta díẹ̀ sí ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́ náà, permesso sì jáde lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá péré.

Òróró ólífì lásán ni, ti súpámákẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ Ọláyọdé ti gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Collegno, nínú ilé kan tí wọ́n ti ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀. Pásítọ̀ náà ló la ọ̀rọ̀ yé wọn: "Ibi tí ọwọ́ máa dì mú gan-an ni kẹ́ ẹ ta á sí." Ojúọlá kì í ṣe ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ badante ló ń ṣe: ó ń tọ́jú arúgbó, ó sì ń gbé inú ilé arúgbó náà. Bàbá yìí, Aldo Berruti, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ti ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà fún ogójì ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ingegnere, ìyẹn Ẹnjiníà, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ojúọlá àti Kíkí ọmọ rẹ̀ ń gbé yàrá méjì lókè ilé náà. Ọdún kejìdínlógún rèé tí wọ́n bí Kíkí sí Torino. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù kẹfà. Àdírẹ́sì ilé Ingegnere ni residenza wọn, ibùgbé tí ìjọba mọ̀ wọ́n sí, orí residenza yìí náà sì ni permesso ìyá dúró lé. Bí Ingegnere bá kúrò nílé, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a lọ.

Ingegnere sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò. Ní oṣù kọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lára ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ láìmúra. Kò fara pa. Sofia, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ agbẹjọ́rò, tí Ojúọlá ń fi ọ̀wọ̀ pè ní dottoressa, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Padova, ó fi ìka kan tọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn náà wò, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ojúọlá, kí lèyí?"

"Àdúrà ni, dottoressa."

"Tí mo bá tún rí àdúrà yìí lára nǹkan nínú ilé yìí, kẹ́ ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Kò tán síbẹ̀. Sofia ti rí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan nítòsí ilé rẹ̀ ní Padova, ó ní ibẹ̀ ni bàbá òun máa lọ.

"Papà, ẹsẹ̀ yín ò gbé yín mọ́."

"Ó ń gbé mi dórí pápá gọ́ọ̀fù."

"Nínú òtútù yìí? Ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀."

"Nínú ẹrẹ̀ náà ni mo wí."

Báyìí ni bàbá àti ọmọ ṣe bára wọn ṣàdéhùn. Ní Sátidé kẹta oṣù kìíní, Ingegnere máa gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta láti inú ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ihò kẹsàn-án, síbi tí koríko ti mọ́lẹ̀ tí àsíá dúró sí, tí wọ́n ń pè ní green. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dúró nítòsí ihò, kí ó má jìnnà ju gígùn ọ̀pá àsíá lọ. Bàbá kò gbọdọ̀ ṣubú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dì í mú. Bó bá ṣe é, ilé rẹ̀ ló máa wà. Bí kò bá ṣe é, Padova. Sofia kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi Ojúọlá bóyá òun náà fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan.

Láti ọjọ́ náà ni Ingegnere àti Ojúọlá ti ń dánra wò lẹ́yìn ilé. Ingegnere ń gbá a, Ojúọlá ń ṣà á. Igi ni àwa ń pe ohun tí wọ́n fi ń gbá a, ṣùgbọ́n irin ni. Méjì péré ló kan ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni wẹ́ẹ̀jì: ojú rẹ̀ dà sẹ́yìn, ó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fíofío. Èkejì ni nọ́ńbà mẹ́jọ: ojú rẹ̀ nàró díẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fò díẹ̀ kó sì máa yí lọ nílẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù ni kí irin kọ́kọ́ kàn," Ingegnere a máa wí. "Tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ó parí. Ilẹ̀ ìgbà òtútù kì í jọ̀wọ́ ohun tó bá ti gbà."

Ṣùgbọ́n wẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ràn yìí, ẹnu rẹ̀ a máa wọnú ẹrẹ̀ bí ìka ṣe ń wọnú ẹ̀bà. Nọ́ńbà mẹ́jọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojúọlá sọ fún un.

"Ojú, mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù láti ọdún 1971."

"Èmi ni mò ń ṣa bọ́ọ̀lù, Ingegnere. Mo mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí."

Kò gbọ́. Wẹ́ẹ̀jì ni, wẹ́ẹ̀jì náà ni.

Àárọ̀ Sátidé náà pé. Àpò igi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojúọlá dúró tì í pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́, ó ń ronú bí amòfin. Sofia ní òun kò gbọdọ̀ tún rí i lára nǹkan *nínú ilé yìí*. Àpò yìí ń jáde lọ. Ìsàlẹ̀ ìgò ló kù, kò lè kárí. Ó da gbogbo rẹ̀ sí ibi ìdìmú wẹ́ẹ̀jì, ó fi ọwọ́ pa á dáadáa, ó ní àmín.

Kíkí ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ife mílíìkì. "Mamma, che fai?" ó bi í pé kí ló ń ṣe.

"Mò ń ṣe nǹkan."

"Ma è olio. Gli scivola."

Ọmọ náà ní òróró ni, pé yóò yọ̀ mọ́ bàbá lọ́wọ́. Ojúọlá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ lọ ka ìwé ẹ."

Nígbà tí mọ́tò Sofia fi dé pápá, kùrukùru ti bo àwọn igi tó yí ibẹ̀ ká, òjò wẹ́liwẹ́li ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ihò kẹsàn-án rí bí oko ìrẹsì. Bí Ojúọlá bá gbé ẹsẹ̀, bàtà rẹ̀ a kọ́kọ́ ṣiyèméjì kó tó tẹ̀ lé e. Sofia dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí wọn lábẹ́ agbòjò, ó wọ kóòtù tó ní àwọ̀ wàrà.

Ojúọlá fa wẹ́ẹ̀jì yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lọ́wọ́ òun alára. Omi òjò àti òróró ti pàdé. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Kíkí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí. Táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n funfun ni, Sofia sì ń wò ó. Ó nawọ́ igi náà sí Ingegnere.

Bàbá dúró, ó fi gbogbo ara lé ẹsẹ̀ òsì bó ṣe yẹ, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Irin yí po lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹnu gúnlẹ̀. Bọ́ọ̀lù sún ìgbésẹ̀ kan. Ẹrẹ̀ fò, ó sì yan kóòtù aláwọ̀ wàrà yẹn láàyò.

"Ọ̀kan," Sofia wí.

Ingegnere ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bá yín nù ún," Ojúọlá wí, ó sì gba igi náà. Ó nu irin, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀.

"Kí lẹ ń nù lókè níbẹ̀? Ìsàlẹ̀ ló lẹ́rẹ̀."

Ọwọ́ Ojúọlá dúró. "Òótọ́ ni, dottoressa." Ó dá a padà. "Ingegnere, ẹ mú mẹ́jọ."

"Wẹ́ẹ̀jì."

Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi agbára dì í mú. Bó ṣe fẹ́ gbá a, igi náà bọ́, ó fò bí ẹyẹ lọ sínú kòtò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bàbá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ojúọlá na ọwọ́ méjèèjì, ó sì fa méjèèjì padà, torí àdéhùn. Ẹsẹ̀ kan yọ̀, èkejì dì mọ́ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ló dá bàbá dúró.

"Méjì," Sofia wí. Ohùn rẹ̀ ò le tó tàkọ́kọ́.

Ingegnere ń ṣí ọwọ́, ó ń pa á dé.

"Ọwọ́ mi ti kú," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò mọ̀ pé ó ti tó báyìí. Ó tó, Sofia. Jẹ́ ká lọ. Padova náà dára."

Ojúọlá wo Sofia, ó wo kòtò, ó wo bàbá. Bó bá dákẹ́, bàbá á máa lọ sí Padova pẹ̀lú ọwọ́ tí kò ṣàìsàn. Bó bá sọ̀rọ̀, òun àti Kíkí á palẹ̀ ẹrù mọ́ kódà bí bàbá bá dúró. Òjò ń kan agbòjò.

"Ingegnere, ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan," ó wí. "Òróró ni. Èmi ni mo ta á sí i láàárọ̀ yìí."

Ingegnere gbé àtẹ́lẹwọ́ sí imú. Ó tún gbé e sí i.

"Olio d'oliva," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Lára mẹ́jọ ńkọ́?"

"Òróró ò tó."

Ingegnere na ọwọ́. Ojúọlá fi táwẹ́ẹ̀lì nu àtẹ́lẹwọ́ náà, ojú Sofia ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí, ó sì gbé nọ́ńbà mẹ́jọ lé e. Bàbá tún ẹsẹ̀ tò. Ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà lápá ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò sọ̀rọ̀ ọdún 1971 mọ́. Ó kàn fi irin gbá a pẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn: bọ́ọ̀lù kọ́kọ́, ilẹ̀ lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù fo ẹrẹ̀, ó balẹ̀ lẹ́nu green, ó ń yí, ó ń rẹ̀ ẹ́ nínú omi, ó dúró.

Sofia fa ọ̀pá àsíá yọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ẹnu ihò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ẹlẹ́rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n. Orí ọ̀pá fi ìbú ìka méjì ju bọ́ọ̀lù lọ.

"Ẹ máa wà nílé," ó wí. Lẹ́yìn náà ó yíjú. "Ojúọlá."

"Dottoressa."

"Kí ni mo sọ ní oṣù kọkànlá?"

"Ẹ ní nínú ilé. Níta ni a wà."

Ingegnere wúkọ́, ikọ́ tí ó jọ ẹ̀rín. "Sofia, ta ló máa ṣa bọ́ọ̀lù fún mi? Ìwọ?"

Sofia wo ẹrẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù méjì tó kù. Ó nu kóòtù, ẹrẹ̀ sì fẹ̀ sí i. Nínú mọ́tò ló ti mú ìwé àdéhùn jáde, ó sì kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: Ojúọlá máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí bàbá òun bá ń fi ọwọ́ dì mú, ìbáà jẹ́ nínú ilé tàbí níta, òróró kò gbọdọ̀ kàn án. Lọ́tẹ̀ yìí, Ojúọlá náà fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́rìí ní Collegno pé òróró náà ṣiṣẹ́. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ Ọláyọdé gbàdúrà sí ìgò tuntun, ó gbé e fún un.

Ìgò náà wà lórí tábìlì báyìí, Sátidé ti tún pé. Ojúọlá kì í da àdéhùn. Ó ti ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àga kan sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí Ingegnere ń jókòó lé láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ṣé ọwọ́ ni èèyàn fi ń di àga mú?