Oòrùn Tó Wọ Inú Fọ́tò Ìyá Àgbà

Mo ti mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an ò gbà á gbọ́. Èyí àbígbẹ̀yìn wọn ní mo kàn fẹ́ràn àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní Àgùdà, ní Súrùlérè l'Èkó, mo bá oòrùn jà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, oòrùn sì nà mí bí wọ́n ṣe ń na ọmọ tó jí ẹran ọbẹ̀ jẹ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá nígbà náà, mò ń retí èsì ìdánwò, mi ò sì níṣẹ́ méjì ju kí n máa gbé kámẹ́rà bọ̀rọ̀dá mi kiri. Òkè òkun ni bọ̀rọ̀dá lọ, ó fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú lẹ́ńsì kan tó fẹ̀ lójú. Bí ẹ bá dúró lójú kan báyìí, á gba òsì, á gba ọ̀tún, á gba ilẹ̀ àti ojú ọ̀run mọ́ra. Mo gbà pé mo ti di ọ̀gá onífọ́tò.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Fúráìdè ni wọ́n máa padà. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ẹ̀, wọ́n pè mí.

"Ọkọ mi, ṣé kámẹ́rà yẹn ń ṣiṣẹ́ ni, àbí o kàn ń gbé e kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n gun orí dẹ́kìn ilé wa, níbi tí táńkì omi wà, kí n ya Èkó láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ilé tíátà ńlá tó wà ní Ìgànmú, èyí tí òrùlé rẹ̀ dà bíi fìlà sójà. "Àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ní irọ́ ni mò ń pa, pé ọmọ mi ò gbé Èkó, Ìkòròdú ló ń gbé. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n."

Mo ní ká kúkú jọ gòkè lọ wò ó. Wọ́n ní oòrùn Èkó ò nítìjú, àwọn ò lè bá a fojú kojú. Òótọ́ ni, látìgbà tí wọ́n ti dé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí fèrèsé. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde sí àgbàlá, wọ́n á fa gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, wọ́n á tún fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bojú. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní arẹwà kì í jẹ́ kí oòrùn ba àwọ̀ òun jẹ́.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, mo gòkè. Ibi tí Ìgànmú wà sí wa, ibẹ̀ náà ni oòrùn ti ń yọ. Mo yà á tẹ́rùn, mo sáré gbé fíìmù lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fọ fọ́tò l'Ójúẹlẹ́gbà. Nígbà tí mo padà lọ gbà á lọ́sàn-án, ojú ọ̀run funfun bíi bébà, ilé tíátà ti yọ́ sínú ẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù ìmọ́lẹ̀ sì tò láti igun kan dé ìkejì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín.

Ọkùnrin náà wò mí. "Àbúrò, oòrùn lo yà, àbí Súrùlérè?"

Ó ní bí lẹ́ńsì bá ti fẹ̀ tó báyìí, kì í mọ àlejò tí wọn ò pè. Bí oòrùn bá wà níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, á yà wọlé. Ó ní kí n dúró di ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn wà lẹ́yìn mi. Ìmọ̀ràn ọlọgbọ́n ni, àmọ́ àsìkò òjò la wà. Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, òjò. Ìrọ̀lẹ́ Túsìdè, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo fi ọ̀rá wé kámẹ́rà, mò ń wo òjò, òjò náà ń wò mí.

Àárọ̀ Wẹ́sìdè, oòrùn yọ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ Ìyá àgbà ló wá sí mi lọ́kàn. Mo fi ọwọ́ òsì ṣíji bo lẹ́ńsì, mo fi ọ̀tún tẹ kámẹ́rà. Bí mo bá na ọwọ́ síwájú, àwọn bọ́ọ̀lù yẹn á pòórá. Bí mo bá fà á sẹ́yìn, wọ́n á dé. Mi ò mọ̀ pé ohun tí lẹ́ńsì ń rí pọ̀ ju ohun tí kámẹ́rà ń fi hàn mí lọ.

"Ọwọ́ ta lèyí?" Ọkùnrin tó ń fọ fọ́tò l'Ójúẹlẹ́gbà ń nu omijé ẹ̀rín nígbà tí mo padà lọ gbà á lọ́sàn-án. Ìka mẹ́ta gbọ̀ọ̀rọ̀ ló wá látòkè ọ̀run. "Ṣé Ọlọ́run fẹ́ mú Súrùlérè lọ ni?"

Àwọn fọ́tò tí ò ní ìka, bọ́ọ̀lù ìmọ́lẹ̀ ló kún inú wọn. Fíìmù tán. Ọjọ́ kan ló kù.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, mo mú èyí tó sàn díẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ti ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó fà á lé Ìyá àgbà lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kí ni, Ìyá àgbà?"

"Pé báyìí ni mo ṣe ń ríran." Wọ́n ń fi ìka kan àwọn bọ́ọ̀lù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Eléyìí ń bẹ. Eléyìí náà ń bẹ. Bí mo bá ti kọjú sí ìmọ́lẹ̀, bí ayé ṣe ń funfun mọ́ mi lójú nìyí."

Bàbá mi rọra ká ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó bi Ìyá àgbà rí. Ọmọ wo ló fẹ́ la ẹnu bi àgbà pé ṣé ẹ ń ríran? Èébú nìyẹn nílé wa.

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí ni kí n sọ? Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é."

Lóde òní, àwọn ọmọ mi á kọ fóònù sí oòrùn, wọ́n á fi ìka nu ìmọ́lẹ̀ yẹn kúrò, ojú ọ̀run á sì dúdú bí aró. Fọ́tò ò lè bàjẹ́ mọ́. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní mo mọ fọ́tò yà lọ́dún náà ni, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá àgbà ì bá wọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, pẹ̀lú Èkó tó dán gbinrin lọ́wọ́, tí àwọn fúnra wọn ò ní lè rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà la lọ. Dókítà ní àwọn ṣì lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún. Ti òsì ti pẹ́ jù. Bàbá mi dúró ti ìwé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí, èmi mú Ìyá àgbà jáde. Wọ́n ti tú gèlè wọn fún àyẹ̀wò, ó wà nínú báàgì lọ́dọ̀ bàbá mi. Oòrùn kọjú sí wa gbọnrangandan. Wọ́n dúró, wọn ò lè gbẹ́sẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo na ọwọ́ òsì mi bo iwájú orí wọn.

"Gbé e síwájú díẹ̀, ọkọ mi."

Mo gbé e síwájú. Báyẹn la ṣe rìn dé géètì.