Ẹsẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀ Pẹ́

Lẹ́yìn tí wọ́n gé kókó kan kúrò níbi tí itan mi òsì ti pàdé ikùn, ẹsẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní omi ara kò rọ́nà gbà padà sókè mọ́, pé èmi àti wíwú náà la ó jọ máa gbé ayé. Ayé ológun ni, epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú, síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Dàda Estate l'Óṣogbo, lọ́dọ̀ màmá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ àwa mélòó kan ní yógà.

Yógà tiwa kì í ṣe ti àwọn tó ń ká ara wọn bí ẹní. Orí àga la ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. A ó kọ́kọ́ fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ láti ọmọ ìka lọ sókè, a ó mí sínú títí ikùn yóò fi yọ, a ó wá máa fa ọrùn ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara, a ó sì tún nà án lọ, díẹ̀díẹ̀. Níkẹyìn a ó dùbúlẹ̀, a ó gbé ẹsẹ̀ lé ògiri. Gbogbo èyí tó ní ìkúnlẹ̀ tàbí ìlóṣòó nínú ni màmá yọ dànù.

"Má kúnlẹ̀ pẹ́, o gbọ́?" wọ́n sọ fún mi. "Tí orúnkún bá ti ká báyẹn, omi ò ní kọjá."

Nígbà tó di oṣù kẹta, bàtà iṣẹ́ mi tún wọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo jókòó ti bàtà, mo ń sunkún ayọ̀ bí ọ̀dẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wá kí wa. Láàárọ̀, mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà." Wọ́n wo orúnkún mi, wọ́n sì kọjá lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ mi pè mí sí pálọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ti jókòó ti ìyá wọn.

"Ìyàwó yìí ò kà mí sí àgbà mọ́," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ulé ta ni wọ́n ti ń nàró kí ìyá ọkọ?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ọkọ mi wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀, kò sí èyí tí kò mọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Kúnlẹ̀ jàre, kí ọ̀rọ̀ ó tán," ló ní.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n bá mi wí, wọ́n dárí jì mí, àdúrà sì bẹ̀rẹ̀, a kì í dìde lórí àdúrà àgbà. Wọ́n gbàdúrà fún ọmọ, fún iṣẹ́, fún àrọ́mọdọ́mọ, wọ́n tún dá orin sí i. Inú ń bí mi, mo sì ń gbè é.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹsẹ̀ ti pọ́n, ó ń jó mi bí iná, ibà sì gbé mi dè. Fún oṣù méjì mi ò lè dé Òṣogbo. Bàtà iṣẹ́ mi ò wọ̀ mí mọ́ láti ìgbà náà.

Màmá tún ti Ìpetu wá, wọ́n ra ọsàn dání. Wọ́n jókòó ti ibùsùn mi, wọ́n ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ náà, omijé ń bọ́ lójú wọn ní tòótọ́.

"Ẹsẹ̀ tí ó ń gbé lé ògiri l'Óṣogbo yẹn ló fà á," ni wọ́n wí. "Olúwa ò ní jẹ́ kí ọmọ mi tún padà síbẹ̀."

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wojú mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, òun náà mọ̀ ọ́n.

"Àmín, Mà," ni mo wí.